Wọn Ò Fẹ́ Dà Mí Láàmú

Ẹ kọ́kọ́ fún mi lága, ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n tó sọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì yìí. Ó rẹ̀ mí! Kì í ṣe irú èyí téèyàn ń sùn tó fi ń lọ o. Èyí tó ṣì máa ń wà lọ́rùn àti léjìká lẹ́yìn téèyàn bá ti jí ni.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ṣakí níbí ni mo wà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan kóra wa jọ, a ní a fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì tí á máa rìn láàrin ebè, tí á sì máa ju irúgbìn àgbàdo sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìdíje wà ní Ìbàdàn, a fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀. Bọ̀dá Wàídì ni olórí wa, torí àwọn ni wọ́n dàgbà jù, àwọn ni wọ́n sì mọ iṣẹ́ irin. Tóyìn ló ń kọ ohun tí róbọ́ọ̀tì máa ṣe sínú ọpọlọ rẹ̀. Èmi Sàídátù, èmi ni mò ń yà á lórí kọ̀ǹpútà.

Kí ni wọ́n ń pè ní yíyà á lórí kọ̀ǹpútà? Gbogbo ara róbọ́ọ̀tì pátá, látorí táyà dórí ihò tí nọ́ọ̀tì máa gbà wọlé, ẹ máa kọ́kọ́ tò ó sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan irin. Ohun tẹ́ ẹ bá yà ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé páànù n'Íbàdàn. Òun náà làwọn adájọ́ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ róbọ́ọ̀tì lọ́jọ́ ìdíje, tí wọ́n á wò ó bóyá ó bára mu. Tí kò bá bára mu, ẹ ò ní wọlé. Òfin wọn nìyẹn, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wa látìbẹ̀rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n yà. Ṣé ẹ rí i? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Tóyìn á dé, á ní ṣé mi ò lè sún bátìrì síwájú díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀! Tí mo bá sún bátìrì, ihò rẹ̀ á sún. Tí ihò bá sún, á kọlu ibi tí táyà wà, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, á máa sọ fún mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Màá tún un yà. Bí mo bá ṣe ń parí rẹ̀, ẹlòmíì á tún ní àpótí irúgbìn ti kéré jù. Wọ́n rò pé bí ẹni ń sún àga ni!

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀ iná. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́, àfi kó wà lára iná kó tó ṣiṣẹ́. Ibi tí mo ti ń rí iná ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ráfíù, níbi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ lẹ́bàá ilé wa. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tí àwọn oníbàárà wọn fi ń gba iná sí fóònù, wọ́n sì fún èmi náà ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ ṣáà mọ bí ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ṣe rí. Àwọn èèyàn ń gbé iṣu gbígbẹ wọn wá láti Ògbóòrò títí dé Ìràwọ̀, ẹ̀rọ ń pariwo, èlùbọ́ ń fò káàkiri bí èéfín. Nígbà tí mo bá fi máa dìde, irun ojú mi ti funfun. Ìyá Ráfíù á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá àgbà, ẹ lọ bọ́jú kẹ́ ẹ tó kírun o!"

Màá rẹ́rìn-ín, màá kírun, màá tún padà wá jókòó. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé kọ̀ǹpútà náà ní ihò tó fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú.

Mo yà á parí. Mo fi ránṣẹ́ s'Íbàdàn. Mo sun oorun gidi, irú èyí tí mi ò sùn láti ọjọ́ yìí wá.

Páànù dé. A kó o sílẹ̀ ní yàrá iṣẹ́, ó ń dán, ara mi yá gágá. Bọ̀dá Wàídì mú ẹ́ńjìnnì kékeré tó máa yí táyà, wọ́n gbé e lé ibi tí mo yà fún un. Kò wọlé. Wọ́n yí i padà, kò wọlé. Ihò tèmi wà lọ́tọ̀, ti ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀.

Níbo ni mo ti ṣì í? Mo wá wo ẹ́ńjìnnì náà dáadáa. Kì í ṣe èyí tí mo wọ̀n kí n tó yà á!

Bọ̀dá Wàídì bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Wọ́n ní irú ti tẹ́lẹ̀ ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, àwọn sì ti ra òmíràn tó sanra jù ú lọ, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Sàídá, ojú ẹ ti wọnú. Mo ní kí n má tún dà ẹ́ láàmú."

Tóyìn náà mọ̀ o! Òun náà ní àánú mi ló ṣe òun, pé àwọn jọ fẹnu kò ni pé káwọn jẹ́ n sinmi. Kí lẹ máa ṣe fún irú àwọn èèyàn báyìí? Ṣé ìkà ni kẹ́ ẹ pè wọ́n ni? Wọ́n fẹ́ràn mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn: tó bá ti rẹ ẹnì kan, ẹ rọra fi í sílẹ̀, ẹ má tún dá kún ẹrù rẹ̀. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Àmọ́ inú bí mi débi pé mo sunkún níwájú wọn.

Ìdíje ti sún mọ́lé, kò sáyè láti gé páànù tuntun. Bọ̀dá Wàídì fọwọ́ ara wọn lu ihò mìíràn. Ẹ́ńjìnnì wọlé. Róbọ́ọ̀tì wa dìde, ó rìn! Ó ń ju àgbàdo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin ebè tí a kọ sẹ́yìn yàrá iṣẹ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ohun tó kù ni pé kí n tún un yà, kí tojú kọ̀ǹpútà lè bá ti ilẹ̀ mu.

Mo gbé kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù. Mo tàn án, ó gbóná, ó kú. Mo tún tàn án, kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ tó fi tún kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tàn mọ́. Mo káwọ́ lérí. Ìyá Ráfíù pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n wá dúró tì mí.

"Ọmọ mi, àbí èlùbọ́ ti wọ inú ẹ̀ ni?"

Èyí tó kù lórí fíláàṣì kékeré tí mo fi ń tọ́jú iṣẹ́ mi pa mọ́ ni èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀, tí ihò rẹ̀ kò bá ẹ́ńjìnnì mu. Tóyìn sáré yá kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lágbára iṣẹ́ náà, ṣe ló kàn dì pa. A wọkọ̀ lọ s'Íbàdàn pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn ni mò ń ṣàdúrà pé kí adájọ́ má wo ibẹ̀.

Wọ́n wo ibẹ̀. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ni. Wọ́n fìka tọ́ ihò náà, wọ́n wo ohun tí mo yà, wọ́n bi wá pé èwo wá ni káwọn gbà gbọ́. Wọ́n ní ká má bínú. Orí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ní ká gbé róbọ́ọ̀tì wa sí, káwọn èèyàn máa wò ó. Àwọn tí tiwọn ń ṣubú lulẹ̀ wọlé, tiwa tó mọ̀ ọ́n rìn jókòó.

Nínú ọkọ̀ là ń bọ̀, a ti kọjá Ìsẹ́yìn. Mo wá sọ pé mi ò ṣe mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Bọ̀dá Wàídì ò bẹ̀ mí. Wọ́n ní ó yé àwọn. Wọ́n wá béèrè pé ṣé mo lè kọ́ àwọn àti Tóyìn kí n tó lọ.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú tèmi palẹ̀ lójú mi. Èlùbọ́ ló ń dà jáde! Ó ní tí mo bá lè gbé omi kaná, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á jẹun yó. Ẹ̀rín ò wá.

Mi ò tíì lọ o. Mò ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ la sì ń tún róbọ́ọ̀tì náà ṣe. Bọ̀dá Wàídì ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń lu irin, Tóyìn sì ń jiyàn lórí ohun gbogbo. Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, fóònù mi dún, Bọ̀dá Wàídì ni.

"Sàídá, mo fẹ́ dà ẹ́ láàmú o. Táyà tá a rí yìí kéré sí ti tẹ́lẹ̀."

Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi dùn débi pé ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹnì kan bá wà láàrin yín tó ń dá iṣẹ́ kan ṣe, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì wá bá a ṣe nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n ti ṣàánú ẹ̀yin náà rí títí nǹkan fi bàjẹ́? Àbí ẹ̀yin lẹ ṣàánú ẹlòmíì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, bó ti wù kó gùn tó. Ẹ má wò ó pé ó rẹ̀ mí. Ẹ dà mí láàmú.