Òkìtì Èérún Igi Ẹ̀yìn Ilé

Mo rántí òórùn òkìtì kan lẹ́yìn ilé wa ní Iyere, òórùn èérún igi tí omi ti rẹ. Ọkọ mi ló kó o jọ láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ọ̀wọ̀. Ó da irúgbìn olú sí i, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó ní kí n má tú u fún ọdún kan gbáko, pé olú yóò jẹ igi náà títí yóò fi di ilẹ̀dú tí a ó fi gbin ẹ̀fọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ olú, òun ń bọ́ olú. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó kú.

Mi ò sunkún. Wọ́n sin ín tán, mo ń dáná, mo ń fọ abọ́, gbogbo ara mi kú tipiri, àwọn ẹbí ọkọ mi sì ń wò mí bíi pé ikú rẹ̀ kò dùn mí. Òkìtì yẹn nìkan ni mò ń tọ́jú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Láràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Tí mo bá ṣí ewé díẹ̀, mo máa ń rí okùn funfun tín-ínrín tó ti so èérún mọ́ èérún, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ mi ṣì ń lọ.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ ku ọ̀la, ìyá ọkọ mi wá láti Idoani láti bá wa tún ilé ṣe. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí àlejò ọ̀fọ̀ bá ààtàn lẹ́yìn ilé. Gbígbá ni à ń gbá a, ká sì dáná sun ún. Ìyá gbálẹ̀ títí wọ́n fi kan òkìtì tó ti bu funfun. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ṣáná. Èéfín ló mú mi jáde. Kí n tó fi omi pa iná náà, ó ti jẹ ju ìdajì lọ.

“Ìyàwó mi, kí lo ń pa iná ìdọ̀tí fún?”

“Kì í ṣe ìdọ̀tí, Ìyá. Iṣẹ́ tí ọmọ yín ṣe kẹ́yìn nìyẹn.”

Mo sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ọlọ́gbọ́n ń rò nígbà náà pé òtítọ́ kò ní ẹ̀bi.

Èyí tó kù nínú òkìtì náà hu olú nígbà òjò. Nígbà tí ọdún yípo, ó ti dúdú, ó sì rọ̀. Ìyá gbé abọ́ kan wá, wọ́n ní, “Bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀.” Mo bù ú kún. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sórí tèmi, mo sì jẹ ẹ́. Nígbà tí mo lọ kí Ìyá ní Idoani láìpẹ́ yìí, mo rí abọ́ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ilẹ̀dú náà ṣì kún inú rẹ̀, wọn ò gbin nǹkan kan sí i.

Mi ò sunkún níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọjọ́ iná yẹn padà fún mi, màá sọ fún Ìyá pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdọ̀tí ni, màá sì bá wọn wá ewé gbígbẹ kún un.