Kòtò tí Wọ́n Gbẹ́ sí Odò Wa

Títí di òní, bí mo bá rí típà tó kó yanrìn lójú ọ̀nà Ìdó, inú a máa bí mi.

Aránṣọ ni mí l'Ọ̀tùn, ṣùgbọ́n apẹja ni bàbá mi, òun ló sì kọ́ mi ní ẹja pípa nínú odò tó gba ẹ̀gbẹ́ oko ìdílé wa kọjá. Lẹ́yìn tí ó kú, ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun fi ọ̀pá ìpẹja ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwọn ẹja onírin kéékèèké tí ìwọ̀ wà nídìí wọn. Ẹja gidi á rò pé oúnjẹ ni, á gbé e hán-ùn. Ọjọ́ Ajé tí n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń lọ.

Ẹni tó bá ń fi ẹja irin pẹja gbọ́dọ̀ mọ ibi tó rì dé. Bó bá wà lókè jù, ẹja ńlá ò ní rí i. Bó bá sì kanlẹ̀, á há sí gbòǹgbò igi. N ò ní ẹ̀rọ kankan tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni mò ń lò: jù ú sómi, jẹ́ kí okùn máa tú fúnra rẹ̀, kí o sì máa ka ení, èjì, jẹ́jẹ́, má sáré. Bí okùn bá dẹ̀ lójijì, tó sùn sójú omi, ó ti kanlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí o bá tún jù ú, dá okùn dúró kí o tó kà débẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ o, torí pé afẹ́fẹ́ a máa fa okùn, á wá dà bí ẹni pé irin ṣì ń rì.

Bèbè kan wà níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń fọ irú. Omi ibẹ̀ kì í ju orúnkún lọ. Iwájú wọn díẹ̀ ni mo máa ń ju ìwọ̀ sí, n kì í sì í kà jìnnà tí yóò fi kanlẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, àbúrò bàbá mi, tó ti di olórí ìdílé wa, gba àwọn tó ń wa yanrìn láàyè. Wọ́n gbé katapílà wọnú odò. Nígbà tí òjò dé, omi bo gbogbo ohun tí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀, odò sì rí bó ṣe máa ń rí. Mo ju ìwọ̀. Mo kà, mo kà, okùn ṣì ń tú. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Mo sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ irú, mo tún jù ú. Bákan náà ni. Mo ká okùn mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú àbúrò bàbá mi.

"Bàbá, àwọn tó wa yanrìn ti gbẹ́ kòtò síbi tí wọ́n ti ń fọ irú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n wá dí i."

"Ta ló bá ọ wọ̀n ọ́n?"

"Ìwọ̀ mi ni mo jù sí i, mo ka bó ṣe ń rì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Okùn ẹja lo fẹ́ fi kọ́ mi ní odò tí wọ́n bí mi sí? Kì í ṣe uṣẹ́ rẹ. Máa lọ ulé, lọ ránṣọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo so màrìwò dínà bèbè náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ní kí wọ́n já a, ó ní mò ń ba ìdílé lórúkọ jẹ́. Mo sọ fún àwọn obìnrin. Àwọn kan gbọ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti ń fọ irú láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ."

Ojú mi ló ṣe é. Mo wà lápá òkè odò nígbà tí mo rí i tó gbé apẹ̀rẹ̀ bọ̀.

"Ìyá, ẹ má wọ̀ ọ́ o!"

Ó juwọ́ sí mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, n ò sì rí i mọ́. Apẹ̀rẹ̀ nìkan ló léfòó. Mo sáré, mo tú ìró mi, mo fi ọwọ́ kan di igi mú létí omi, mo ju ìró sí i nígbà tí orí rẹ̀ yọ. Ó gbá a mú. N ò mọ bí mo ṣe fà á jáde. Ọlọ́kadà kan ló gbé àwa méjèèjì dé ọsibítù ní Ìdó, èmi tòun ti ẹrẹ̀ lára.

Ọkọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Odò ló ń bínú. A ó wá nǹkan fi tù ú."

"Odò wo ló ń bínú?" Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Èmi ni mò ń bínú! Odò kọ́ ló pe katapílà. Ẹ̀yin ni, Bàbá! Mo kúnlẹ̀ sọ fún yín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín!"

Àwọn ẹbí tó bá a wá ní kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kí n bẹ̀ ẹ́, níwọ̀n ìgbà tí mo ti sọ ara mi di ọkùnrin. N ò bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ń wúkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì la ojú.

"Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò padà sílé ọkọ. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn, ó ní òun ò ní padà àfi tí wọ́n bá dí kòtò náà. Kò pẹ́ tí típà fi bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ pupa síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi wá ń sọ káàkiri pé òun lòún ro ọ̀rọ̀ náà, torí pé òún fẹ́ràn àwọn obìnrin ìlú. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi síṣọ́ọ̀sì gé aṣọ tí mò ń rán sí méjì.

Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí. "Tìrẹ ni ìyàwó mi yóò gbọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀."

"Bàbá, ẹ mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ lọ fúnra yín."

Kò tíì lọ. Ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní omi ẹ̀rọ lòún fi ń fọ irú báyìí, ó sì ń tà.

"Ṣé ọkọ mi ti ránṣẹ́ pè ọ́?" ló bi mí.

"Ó ti pè mí, Ìyá."

"Kí lo sọ fún un?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin yẹn kò tíì tó.