Ilé Ràúdátù Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ sí Gàbọ́ọ̀nù

Lọ́dún 1963, ilé kan gbéra ní Sákẹ́tẹ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kútọnu, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì lọ dúró sí Libreville ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti fi iyọ̀ sí ìtàn náà ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan ní ilé alájà méjì ni. Àwọn mìíràn ní odindi ni wọ́n gbé e, pẹ̀lú àwọn adìyẹ tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni, pákó ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tí ó sì ni ín ni Ràúdátù, aya Ọ̀ṣẹ́nì aránṣọ tí ń gbé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Èmi ni akọ̀wé ẹrù ní ìbùdókọ̀ ojú irin Sákẹ́tẹ́ nígbà náà. Ọwọ́ mi ni gbogbo pákó rẹ̀ gbà kọjá.

Ata gbígbẹ àti gàrí ni Ràúdátù ń tà. Ó ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Yókò àti Àgìdì, ó ń dì wọ́n sínú àpò, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ṣàmsídéènì, tí ó ti ń ṣòwò ní Libreville láti ọdún 1955. Àwọn ọmọ Dàhòmì, ilẹ̀ wa tí ń jẹ́ Benin lónìí, pọ̀ lọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣàfẹ́rí ata ilé. Ràúdátù kò mọ̀wé, kò jogún ohun kan ju orúkọ rere lọ, síbẹ̀ kí ó tó jáde láyé, ilé mẹ́ta ni ó ní ní òkè òkun. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ó lo oògùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, oògùn náà sì ṣòro lò: lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kì í padà sórí ẹní. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní ayé ìgbà náà, nígbà tí aago ṣì níyì. Ní ọdún mọ́kànlá tí mo fi jókòó sí ìbùdókọ̀ yẹn, kò fi Ràúdátù sílẹ̀ lọ rí.

Àṣà mìíràn tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan, ẹni mẹ́ta ni yóò bi, ìmọ̀ràn ẹni tí kò ní rí nǹkan jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà ni yóò sì gbà. Bí ó bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́, yóò gbé àpótí rẹ̀ jókòó tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn oníṣẹ́ kórìíra èyí dé góńgó. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ra ohun kan tí ó jẹ mọ́ ilé kíkọ́: páànù kan, tàbí ìwọ̀n ìṣó díẹ̀, tàbí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà tutù, páànù kan yóò wọlé. Ó ní, "Owó a máa jẹ́ ìpè bí ẹbí bá pè é. Páànù kì í jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni."

Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀ ti rò pé Sákẹ́tẹ́ ni wọn yóò kó àwọn páànù wọ̀nyí lé lórí. Ọjọ́ tí ó gbọ́ pé Gàbọ́ọ̀nù ni, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá Màrúfátù, ilé tí a kò ní máa fojú rí?"

"Bàbá Màrúfátù, bí mo bá kọ́ ọ síbí, ta ni n óò gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n yín Múdàṣírù?"

"Múdàṣírù kẹ̀! Yóò gbàdúrà fún ọ."

"Àdúrà rẹ̀ a sì máa gùn. Yóò mú ìyàwó méjèèjì dání wá, yóò sì ní kí n wá tún òrùlé tó ń jò ṣe."

Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tún bá a jiyàn mọ́. Libreville ń gbòòrò lọ́jọ́ọjọ́ nígbà náà. Àwọn akọ̀wé, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ gẹdú, gbogbo wọn ni ó ń wá yàrá, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ àna Ràúdátù nínú wọn.

Ní oṣù keje ọdún 1961 ni Ṣàmsídéènì bá a gba ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Ràúdátù wá ṣe ohun tí ọmọ Sákẹ́tẹ́ kankan tí ó mọ ilẹ̀ rà kò ní ṣàìṣe. Ó gé ọ̀pá pèrègún mẹ́rin ní ààlà oko baba rẹ̀, ó fi àpò tútù wé wọn, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ata. Ṣàmsídéènì gbìn wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, wọ́n sì hù dáadáa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí pèrègún rẹ̀ bá ti hù, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ti parí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ìbáà tó wá kọ́lé síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ọkàn Ràúdátù balẹ̀. Ó ń ra páànù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìparí oṣù kẹta ọdún 1963 ni lẹ́tà Ṣàmsídéènì dé. Èmi ni mo kà á fún un, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù. Ó ní ọ̀gá tí ń bójú tó ilẹ̀ wá yẹ ilẹ̀ wò. Ó wo pèrègún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká, ó ní òdòdó náà dára, ó wá béèrè pé, "Ilé ńkọ́?" Ó wà nínú ìwé ilẹ̀, ní ojú ewé kejì, pé kí ọdún méjì tó pé, ilé gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀ náà, kí ènìyàn sì máa gbé inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba yóò gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ṣàmsídéènì kò ka ojú ewé kejì. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni gbèdéke.

Ràúdátù ní kí n tún ibi ọjọ́ náà kà. Mo tún un kà. Ó jókòó sórí àpò gàrí.

"Oṣù mẹ́rin," ni ó wí. "Ilé bíríkì kò lè jáde nínú oṣù mẹ́rin, èmi níhìn-ín, ilẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ó bi ẹni mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ní kí ó ta páànù kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Múdàṣírù ní kí ó kó páànù wá bo ilé òun. Ẹnì kẹta ni Fálúyì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Pọ́bẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní kí wọ́n fi pákó ṣe ilé náà níhìn-ín, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì kó o lọ. Wàhálà dé, nítorí pé kò sí ẹni tí kò ní rí nǹkan jẹ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ràúdátù ronú fún ọjọ́ kan. Ó ní nígbà tí gbogbo wọn ti fẹ́ jẹ, ẹni tí yóò làágùn ni kí ó jẹ.

Bí Fálúyì ṣe ń la igi ní Pọ́bẹ̀, níbi tí ojú irin pin sí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi pákó ránṣẹ́ sí wa. Ní oṣù karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé náà ní pápá ẹ̀gbẹ́ ìbùdókọ̀. Ràúdátù gbé àpótí rẹ̀ dé. Gbogbo ìlú náà dé.

"Ìyá Màrúfátù, ilé yín yìí kò ní ìpìlẹ̀ o!"

"Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ."

"Bí ó bá dé ọ̀hún, èdè Fàráǹsé ni yóò máa sọ?"

"Bí ó bá ti lè bá mi gba owó ilé, kí ó máa sọ èyí tó bá wù ú!"

Mo sọ fún Fálúyì pé n óò bá a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára pákó, kí títò rẹ̀ lè rọrùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Akọ̀wé, bí òjò bá na ọ̀dà yín ńkọ́? Ọmọ tó bá sọnù, kí ni wọ́n fi ń mọ ilé baba rẹ̀?"

"Ilà ojú rẹ̀ ni."

"Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

Ó wá kọ ilà fún ilé náà. Gbogbo pákó iwájú, pélé ni ó kọ sí wọn. Ti ẹ̀yìn, àbàjà. Ti ọ̀tún, kẹ́kẹ́. Ti òsì, bààmú. Ó tún gé àmì kéékèèké sí ìdí wọn: àmì kan fún pákó kìn-ín-ní, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ràúdátù ń wò ó lórí àpótí, kò sì dẹ́kun ìbéèrè. Fálúyì sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé bí òun bá tún rí obìnrin tó ń jókòó ti oníṣẹ́ báyìí, òun yóò padà sídìí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ilé náà dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tú u palẹ̀, mo sì kà á: pákó irínwó ó lé méjìlélógún, àti páànù mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, Ràúdátù àti Fálúyì bá ẹrù náà dé Kútọnu.

Kútọnu kò tíì ní èbúté bí èyí tó ní lónìí. Afárá irin gígùn kan ni ó na ara rẹ̀ sórí òkun. Wọ́n á fi ènìyàn jókòó sínú àpótí onígi kan, ẹ̀rọ á gbé e sókè fìrì, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù sókè sódò. Fálúyì wo àpótí yìí bí ó ṣe gbé ẹni mẹ́rin lọ. Ó gbé òòlù rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ìyá, ẹ bá mi kí Gàbọ́ọ̀nù."

"Fálúyì! O ti dágbére fún ìyàwó rẹ!"

"Inú rẹ̀ yóò dùn. N óò lọ kí i pé mo ti dé."

"Ta ni yóò wá to ilé náà?"

"Ẹ̀yin ni. Kí ni ẹ ò mọ̀ nínú rẹ̀? Ẹ ò jẹ́ kí n mí!"

Ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ràúdátù wọ inú àpótí náà, ó di ojú, ó ń ka gbogbo àdúrà tí ó mọ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan ọkọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu Ṣàmsídéènì ní ọdún mìíràn. Mo fi wọ́n wé ara wọn, wọn kò tako ara wọn. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà. Ṣàmsídéènì wá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Bonaventure, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Dàhòmì tí ó kọ́ iṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àwòrán ilé náà.

"Kò sí àwòrán," ni Ràúdátù wí. "Wo ojú wọn."

"Ìyá, ojú pákó?"

"Onípélé lọ sí iwájú. Alábàjà lọ sẹ́yìn. Gbé e, mò ń wò ọ́."

Ó gbé àpótí jókòó. Bonaventure kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri méjì ti dúró láìsí àlàfo kan, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń to ilé náà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ̀, kò tì. Bonaventure mú ayùn pé òun yóò gé e.

"Má gé e!" Ràúdátù dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ka ìdí pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. "Alámì mẹ́fà ni o gbé sí ipò alámì mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò."

Wọ́n pààrọ̀ wọn, ilẹ̀kùn tì. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, páànù tó kẹ́yìn gun òkè. Ràúdátù kó ẹní àti ìkòkò wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìwé ní kí ènìyàn máa gbé inú rẹ̀, òun kò sì ní jẹ́ kí ojú ewé kejì tún mú òun.

Ọ̀gá ilẹ̀ dé ní ọjọ́ tí gbèdéke pé, ní ọ̀sán. Ó fi ọwọ́ kan pákó, ó ṣí fèrèsé, ó tì í. Ó bi Ṣàmsídéènì pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi kọ́ ọ.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀gá."

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ràúdátù kò gbọ́ Fàráǹsé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí ó ń béèrè. Ó ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ tí ń bẹ lórí iná. Ata Yókò fò sí ọ̀gá nímú. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ní òun ti gbà pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé lórí orúnkún rẹ̀. Ilẹ̀ di ti Ràúdátù.

Wọn kò tíì bu ọbẹ̀ náà jẹ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan ni, Eugénie, tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì ti ń wo ilé náà bí ó ṣe ń jáde láti inú ilẹ̀ bí olú. Ó béèrè bóyá yàrá ṣì kù, ó sì na ìka sí èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun.

"Níbẹ̀ ni ẹ ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ṣàmsídéènì wí. "Ẹ jẹ́ kí ó padà wá lọ́la. Ẹ sinmi díẹ̀."

Ràúdátù ti ń ká ẹní.

"Kí n sinmi sínú yàrá olówó? Gbé ìkòkò yẹn, Ṣàmsídéènì. Ilé rẹ ni a ó ti jẹun."