Orin Ẹyẹ ní Ọ̀nà Mẹ́kà

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Láàsárì tán. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá: ìyàwó mi, Àlàájà àgbà tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, èmi, àti bàbá tó kọ ìwé tí mo fi mọ̀wé kà. Karantína ni ilé náà wà, ní ìsàlẹ̀ Jẹ́dà, níbi tí àwa ará Nàìjíríà pọ̀ sí. Bàbá jókòó sórí tìmùtìmù, ó mu omi, ó sì sọ ohun tó bá wá.

“Ọmọ mi, àlọ́ obìnrin tó fún odò ní ohùn rẹ̀ ni mo wá gbọ́. Jọ̀ọ́, pa á fún mi.”

Ìyàwó mi wo ojú fèrèsé. Oòrùn ṣì ń ràn lára ògiri.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní, “ọ̀sán ni.”

Kí n tó sọ èyí tó tẹ̀lé e, ó yẹ kí n sọ bí bàbá ṣe dé yàrá wa.

Èmi kò tètè rí ilé ìwé lọ. Mo ti gbéyàwó kí n tó mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ilé ìwé àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní ìlú wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kà díẹ̀, olùkọ́ fi ìwé ìtàn kan lé mi lọ́wọ́, ìwé bàbá yìí. Mo kà á bí ẹni tó ń gun òkè: gbólóhùn kan, mo sinmi. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Saudi, òun àti Kùránì ni ìwé tó wà nínú ẹrù mi.

Nínú ìwé náà, obìnrin kan tí kò rọ́mọ bí lọ bẹ odò. Odò ní kí ó gbé ohùn rẹ̀ wá kí òun fún un lọ́mọ. Obìnrin náà gbà. Ọmọ dé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sunkún, ìyá kò ní ohùn tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹyẹ kan ló wá ń kọrin fún ọmọ náà dípò rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí orin wà, ohun tí bàbá kọ ni pé ẹyẹ kọ orin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń dúró. Ó dà bíi kéèyàn máa gun àkàbà, kí ó wá bá a pé igi kan ti yọ kúrò láàárín.

Ìyàwó mi kò kàwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní “Àlọ́ o,” gbogbo àgbàlá wa ní Karantína á pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ni àwọn ọmọ ilé wa máa ń yí i ká. Saudi ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dáhùn tí ìyá wọn bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń gbe orin àlọ́. Wọn ò rí odò rí. Òkun ni wọ́n mọ̀, àti wáìtì, ọkọ̀ ńlá tó ń gbé omi wá sí àdúgbò.

“Kí ni odò?” ọ̀kan bi í.

“Omi tó ń rìn ni.”

“Wáìtì?”

“Rárá o. Èyí kò ní dírẹ́bà, kì í sì í gba owó.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, wọ́n mọ odò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbọ́ ọ tó ń pa àlọ́ obìnrin tó fún odò ní ohùn rẹ̀. Mo mọ ìtàn náà, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi dé ibi tí mo ti máa ń dúró, kò dúró. Ó kọrin. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo mú bàtà mi lọ́wọ́, mi ò lè wọlé.

Àsìkò tí owó epo ń ṣàn ni gbogbo èyí. Ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì ń tò sí èbúté Jẹ́dà bí ẹní tò fún ìrun, ilé tuntun ń jáde lójoojúmọ́, dírẹ́bà bíi tèmi kò sì ráyè sinmi. Owó epo wà nílé, ní Nàìjíríà náà, àwọn ènìyàn wa sì ń wá ṣe Úmúrà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Dókítà ará ilé wa kan, tí mo máa ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́, ló sọ fún mi pé òǹkọ̀wé náà wà nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Misfalah, ní Mẹ́kà.

Mo lọ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ìwé yín ni mo fi mọ̀wé kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi. Mo wá ní ìyàwó mi mọ orin tí ẹyẹ kọ.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní ìyá òun ló pa àlọ́ náà fún òun. Kékeré ni òun wà tí ìyá náà fi kú, torí kí àlọ́ náà má baà kú tẹ̀lé e ni òun ṣe di òǹkọ̀wé. Ìtàn dúró sí òun lórí, orin ló sá lọ. Òun ti bi àwọn àgbà ìlú ìyá òun léèrè, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán. Ó bi mí ní ìlú tí ìyàwó mi ti wá. Mo sọ fún un. Ìlú ìyá rẹ̀ ni. Ó ní òun ń bọ̀ ní Jímọ̀.

Bó ṣe dé yàrá wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú ètò tí a ṣe. Ọjọ́ kejì ni bàálù wọn yóò gbéra. Lẹ́yìn Ìṣáì ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá yóò ṣe tàwáfù ìdágbére, ìyẹn yíyí Káábà ká, ní Mẹ́kà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kúrò ní Jẹ́dà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú kan ọ̀sán àti òru.

“Mo mọ̀ pé ọ̀sán ni,” bàbá sọ. “Ṣùgbọ́n bí mi ò bá gbọ́ ọ lónìí, mi ò mọ ìgbà tí n óò tún gbọ́ ọ. Mo ti dàgbà.”

“Bàbá, ní ìlú wa, ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Àwọn àgbà kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni, kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ oko sílẹ̀. Èmi ti kọ púpọ̀ nínú àlọ́ sínú ìwé lójú ọ̀sán.”

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. “Ẹ lè kọ ọ́, Bàbá. Ìyá yín ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ìyá tèmi wà láàyè. Láti ọjọ́ tí mo ti wá síhìn-ín, ojú mi ò tíì kan tiwọn. Mi ò ní jókòó sí Jẹ́dà kí n fi ẹnu ara mi pa wọ́n.”

Bàbá wolẹ̀. Mo rí i pé kò bínú, mo sì rí i pé ó dùn ún.

Àlàájà àgbà ló dá sí i. “Bàbá, ẹ ti pàdé olóríkunkun. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bo fèrèsé, ká tan iná, ká ní ilẹ̀ ti ṣú.”

“Àlàájà!” ìyàwó mi ní. “Ààwẹ̀ wo lẹ rí tí wọ́n fi kọ́tìnì ṣínu?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Ó tó,” ó ní. “Ó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìyá rẹ ju orin lọ.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe ń wá fìlà, mo rí i pé ó ń lọ nìyẹn, ọkùnrin tí mo fi ìwé rẹ̀ mọ̀wé kà, láìgbọ́ ohùn obìnrin tí mo fẹ́.

“Ọkọ̀ wà níta,” mo ní. “Ọ̀nà Mẹ́kà ni oòrùn yóò ti wọ̀ bá wa.”

Gbogbo wọn wò mí.

“Yéè!” Àlàájà àgbà pàtẹ́wọ́. “Odi sọ̀rọ̀! Ó yá, èmi náà ń lọ. Ta ni yóò bá yín gbe orin?”

A wọ ọkọ̀ Dátósọ́ọ̀nù ọ̀gá mi. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà, bàbá sì ń wò ó nínú dígí ọkọ̀, bí ẹni tí òùngbẹ ààwẹ̀ ń gbẹ. Kí ojú rẹ̀ lè kúrò lára oòrùn, ó ń sọ bó ṣe kọ ìwé rẹ̀ fún wa: tíṣà ni nígbà náà, ẹ̀yìn ìwé ìdánwò tí àwọn ọmọ ti lò tán ló ń kọ ọ́ sí, àwọn atẹ̀wé tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní kò sẹ́ni tí yóò ra ìwé Yorùbá tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abala kan dáná.

“Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni,” Àlàájà àgbà ní.

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀,” bàbá dáhùn.

Ní ibi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé àwọn èrò ọ̀nà Mẹ́kà wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ sórí fèrèsé, ó ní ta ni àgbàlagbà yìí. Mo fi Lárúbáwá dá a lóhùn pé òǹkọ̀wé ni. Ó ní kí ló kọ?

“Ìwé tí mo fi mọ̀wé kà.”

Ọlọ́pàá náà wò mí, ó wo bàbá, ó fọwọ́ kan àyà, ó sì ní ká máa lọ. Mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà.

Oòrùn wọ̀. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a kírun Mọ̀gàríbì lórí iyanrìn. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ tí mo tan iná rẹ̀, ohùn ìyàwó mi ti ẹ̀yìn wá.

“Àlọ́ o!”

“Àlọ̀!” Ti bàbá ló ròkè jù.

Ó pa á. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ torí ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ó gbọ́wọ́ sókè àti ìgbà tí ó wolẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ, tó ń kọ ọ̀rọ̀ inú ìyá náà lórin.

Ẹyẹ àkókó, gbé ohùn mi wá,
Kíjìnkín.
Ọmọ mi ń sunkún lẹ́yìn ààrò,
Kíjìnkín.
Odò ló gbà á, odò ò dá a padà,
Kíjìnkín.

Èmi àti Àlàájà àgbà là ń gbè é. Bàbá kò bá wa gbè é. Mo rò pé kì í ṣe orin tó ń wá. Ìyàwó mi tún un kọ, bí wọ́n ṣe máa ń tún un kọ nínú àlọ́, ó dé ìparí, ó sì mí. Ibẹ̀ ni bàbá ti lanu, pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí kì í ṣe èyí tó fi ń sọ̀rọ̀:

“Bí o bá délé, fi í rẹ ọmọ.”

A gbàgbé láti gbè é.

“Bàbá,” ìyàwó mi ní, “mi ò gbọ́ ìyẹn rí.”

“Èmi náà ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun àti ìyàwó mi, wọ́n sì ń kọ ọ́ títí a fi rí iná Mẹ́kà. Ní Misfalah, kí ó tó bọ́ sílẹ̀, ó ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ìyá ìyàwó mi.

Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, orin wà níbi tó yẹ kí ó wà, pẹ̀lú ìlà tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ síwájú ìwé pé ẹnu obìnrin kan ní ọ̀nà Mẹ́kà ni òun ti gbọ́ ọ. Ìyàwó mi rí i kí ikú tó mú un lọ. Òun ló lọ. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìrìn-àjò Mẹ́kà yẹn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo mú ìwé mi àtijọ́ jáde sí àgbàlá. Mo pe àwọn ọmọ ilé jọ, mo sì ń kà á fún wọn sókè, èmi tí n kì í kàwé lójú ẹnikẹ́ni. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Mo gbé ojú kúrò nínú ìwé, mo kọ orin náà.

“Àlàájì, ọ̀sán ni o!” ìyàwó mi ké láti ìdí ààrò.

“Ìwé ni mò ń kà,” mo ní. “Ìyá tèmi sì ti lọ.”

Àwọn ọmọ ní “Kíjìnkín.” Òun kò gbè é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ṣíbí rẹ̀ tó ń kan etí ìkòkò ní ibi tó yẹ kó ti máa gbè é. Mo kà á parí, mo sì lọ fọ iyanrìn kúrò lára ọkọ̀.