Ojú Ọmọ Tí Nọ́ọ̀sì Bá Mi Wò

Ní ilé ọkọ mi ní Ìlá, ìyá kì í wo ojú ọmọ rẹ̀ tó bá kú. Wọn kì í sì í fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wọlé ọkọ, torí ní Ọ̀rà tí wọ́n ti bí mi náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà máa bá.

Ìbí àkọ́kọ́ mi kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ dákẹ́ sínú. Bí mo bá ti mu ògì gbígbóná láàárọ̀ ló máa ń tapá. Lọ́jọ́ yẹn mo mu ògì, mo dúró, kò tapá. Mo mu omi tútù. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má bá mi ṣe irú eré yìí o." Ó dákẹ́. Ọkọ mi gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà tó fi ń jẹun, ó ń yẹra fún gbogbo kòtò bí ẹni tó ru ẹyin, títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó gbà wá, ará Ìgbájọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Àwa aboyún ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tí o wú bí búrẹ́dì yìí, ṣé ìwọ nìkan lò ń jẹ gbogbo iyọ̀ ilé yín ni?" Lọ́jọ́ yẹn náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ kó tó gbé ìwo onígi kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn. Ó tẹ́tí. Ó gbé e sí ibòmíràn. Ó tún tẹ́tí. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí ẹnu obìnrin yẹn dákẹ́, kò tíì tán lára mi títí di òní.

Kò purọ́ fún mi. Nígbà tí dókítà ti fi ẹ̀rọ wò ó tán, nọ́ọ̀sì pe ọkọ mi wọlé, ó fi wá jókòó pọ̀. Ó ní, "A ò gbọ́ ọkàn ọmọ mọ́. Ọmọ ti kú sínú. Ó dùn mí gan-an." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jáde. Mo rò pé wọ́n á là mí gbé e ni. Ó ní rárá, èmi fúnra mi ni màá bí i, wọ́n á fún mi lóògùn tó máa mú kí n rọbí, òun ò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀sán ni mo bí i. Mo mọ̀ pé kò ní sí igbe, síbẹ̀ etí mi ń retí. Ariwo àwọn ọmọ iléèwé tó ń ré kọjá lójú títì ni mo gbọ́. Nọ́ọ̀sì nu ọmọ, ó fi aṣọ funfun rírọ̀ tí mo rà sílẹ̀ wé e. "Obìnrin ni," ó ní. "Ṣé o fẹ́ rí i?"

Kí n tó lanu, ohùn ìyá ọkọ mi ti dé láti ẹnu ọ̀nà.

"Èèwọ̀! Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e kúrò níwájú ẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kó máa tẹ̀lé e kiri ni? Tó bá mọ ojú ìyá ẹ̀, á tún padà wá fìyà jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ àbíkú nìyẹn, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo di ojú mi. Mo fẹ́ rí ọmọ mi, Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù oyún tí n kò tíì ní ti ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì ò bá ìyá fa ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ sí etí mi. "Kì í ṣe dandan. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú ọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Mo ti bá ọ wò ó. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ mọ̀, wá bi mí."

Àwọn àgbà ilé gbé e lọ. Ọkọ mi fẹ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì.

Nílé, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń ṣe àmín títí ẹnu fi ń ro mí. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n sunkún. Ó ní ẹkún máa ń pe ẹkún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọ aládùúgbò wa ké lẹ́yìn ògiri, mo sì rí i pé búláòsì mi ti rin gbindin. Omi ọyàn ń ṣàn láti ọmú méjèèjì. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo ní ó ti dé. Ọmọ tí mo kọ̀ láti wò ti wá jẹun. Mo tilẹ̀kùn, mo fi ìrọ̀rí bo orí lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni nọ́ọ̀sì yà sílé wa, láìwọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní òun kàn ń kọjá ni. Irọ́ ni, ilé wa ò sí lójú ọ̀nà ibì kankan. Nígbà tí mo fi àyà mi hàn án, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Omi ọyàn ò tíì gbọ́ pé ọmọ ti lọ ni. Ta ló ránṣẹ́ sí i? Kì í ṣe òkú ló ń pè ọ́. Ara rẹ ni."

Ó ní kí n wọ kọ́mú tó dì mí dáadáa, kí n máa fi aṣọ tútù lé ọyàn, kí n má máa fún un jáde, bí ibà bá sì bá a wá, kí n sáré wá. Nígbà tó ń lọ, ó bá ọkọ mi níwájú ilé níbi tó ti ń tú ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú o."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Kò tíì sẹ́ni tó kí i. Kò tíì sẹ́ni tó pè é ní bàbá ọmọ. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá rẹ̀ ti ń dìde láti bá a wí, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mama. Ẹ jẹ́ kó sunkún."

Nígbà tí oyún kejì dé, ẹ̀rù ọ̀hún wá le sí i. Torí pé n kò rí ojú ọmọ yẹn, gbogbo ojú ló lè jẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá rí ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lójà, mo máa ń yíjú. N kò lọ kílíníìkì. Mo rò pé bí n kò bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹnu nọ́ọ̀sì ò ní dákẹ́ lé mi lórí mọ́.

Òun ló pè mí lórí fóònù. "Bí o ò bá wá, màá wá fi ọ̀kadà gbé ọ. Mo sanra, ìwọ náà sanra. Ọ̀kadà ni kó o káàánú." Ẹ̀rín pa mí, mo sì lọ.

Kò jẹ́ kí n jókòó lórí ìlà. Bí mo bá ti wọlé, kó tó kí mi rárá, ìwo ti wà níkùn mi. "Ó wà ńbẹ̀. Ó ń sáré bí ewúrẹ́. Ẹ káàárọ̀, ìyá oyún." Àwọn tó wà lórí ìlà bínú. "Ẹ wò ó, ọmọ ọba! Ṣé òkúta la gbé sínú tiwa ni?" Nọ́ọ̀sì dá wọn lóhùn láti inú yàrá: "Ẹ jẹ́ ó kọjá. Ẹ̀rù tó gbé wá wúwo ju oyún lọ."

Ìyá ọkọ mi sìn mí lọ lọ́jọ́ kan. Bóyá torí pé ó wà níbẹ̀ ni mo fi ní ìgboyà, n kò mọ̀. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?"

Ó mọ ẹni tí mò ń béèrè. Ó wo ìyá ọkọ mi, ó dúró. Ìyá tún gèlè rẹ̀ wé. Kò sọ pé èèwọ̀ ni.

"Irun ẹ̀ pọ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Ètè ẹ̀, tìẹ ni. Etí ọ̀tún ẹ̀ ṣẹ́po díẹ̀ lókè, bíi ti bàbá ẹ̀. Ojú ẹ̀ pa dé bí ẹni tó ń sùn. Arẹwà ọmọ ni."

"Etí yẹn, ti bàbá ọkọ rẹ ni," ìyá ọkọ mi sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọn ò sọ bí tèmi ṣe rí fún mi." A ò mọ̀ rí pé ó sin ọmọ kankan. Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn, ó sì di ọwọ́ òun náà mú.

Mo bí ọmọ kejì lọ́sàn-án, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí mo ti bí àkọ́kọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, kò ké. Nọ́ọ̀sì kẹ́yìn sí mi, ó ń fi aṣọ ra á lẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti ń sọ fún Ọlọ́run pé kó mú èmi náà lọ, nígbà tí igbe kékeré kan jáde, ó há bí ohùn ọmọ ewúrẹ́.

Nọ́ọ̀sì yíjú padà. "Ṣé o fẹ́ rí i?"

Mo gbọ́ igbe ọmọ, síbẹ̀ ojú mi pa dé fúnra rẹ̀. N kò lè là á.

"Ó dáa," ó ní. "Dijú. Fọwọ́ kàn án ná."

Ó gbé e lé mi láyà. Ó gbóná. Omi ìbí ṣì wà lára rẹ̀, ó ń mí. Ọwọ́ mi gun orí rẹ̀, ó gba inú irun, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí ọ̀tún. Òkè rẹ̀ ṣẹ́po díẹ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo lajú.