Ẹ̀bùn Ọmọ Inú Ike Funfun

Ẹ̀rín ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Ìgbàrà-Odò, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan láti kíláàsì tó tẹ̀lé tèmi, ẹ̀rín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, tí á wá bú jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn tó lè pa á lẹ́rìn-ín. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò ní yunifásítì. Wọ́n gbé bọ́tà síwájú wa ní yàrá oúnjẹ. Èmi ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí n kò rí bọ́tà rí, mo rò pé òrí ni. Mo bu díẹ̀, mo fi pa ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín títí a fi bí ọmọ, títí àwọn ọmọ fi kúrò nílé, títí àwa méjèèjì fi fẹ̀yìn tì tí a sì padà wá gbé ilé tí a kọ́ sí Ìkẹ́rẹ́.

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ohun tí mo rántí ni pé àlejò kan wá láti Ìsẹ̀, mo sọ ìtàn bọ́tà fún un, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ pa ẹnu dé, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ekejì, lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti pààrọ̀ ìró.

"Màmá wa," mo bi í nígbà tí àlejò lọ, "ṣé ìtàn mi ti sú ọ ni?"

"Bàbá wa, ẹni tó fi bọ́tà para, kí ló tún kù tó lè sú èèyàn lára rẹ̀?"

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. N kò béèrè mọ́. A ti bímọ, a ti sin òbí wa, kò sí ohun tí a kò jọ rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ara láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, a kì í sọ ọ́ nílé wa. Ẹni tó bá kan á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Àbígbẹ̀yìn wa, tó jẹ́ obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó sì máa ń wá wò wá lópin ọ̀sẹ̀. Ó mú ike funfun kan wá nígbà kan, hóró oògùn ló kún inú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ máa lo èyí," ó wí. "Ewé àti egbò lásán ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń tún ara obìnrin ṣe."

Kò sọ ibi tó ń tún ṣe nínú ara obìnrin, ìyá rẹ̀ kò sì béèrè. Orí fóònù ló ti rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò rí ojú rẹ̀ rí.

Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. A gbé ike náà sókè, a gbàdúrà lé e lórí: àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ, o kò ní fi owó rẹ ra àìsàn. Ohun tí a bá ti gbàdúrà lé lórí báyìí, a kì í gbé e jù sí kọ̀rọ̀. Ọmọ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dé, á gbé ike náà, á mì ín létí. "Mọ́mì, ẹ ò lò ó dáadáa." Nítorí náà, bí ìyàwó mi bá ti gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀, á da hóró sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé èyí tó ti gbàgbé mì pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ náà, kí ike lè fúyẹ́.

"Kó má baà rò pé mi ò mọrírì rẹ̀," ló wí fún mi.

Mo rí i, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà sì ni.

Nígbà tó yá, iyán kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ní òórùn iṣu lásán ń mú kí èébì gbé òun. Ara ń yún un, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Mo ní ibà ni, mo ra oògùn ibà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó sí fàráńdà, oòrùn bọ́ sí ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. N kò rántí ohun tí mo wí. Mo rántí pé mo ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

Dókítà tó rí wa ní Adó jẹ́ ọmọdébìnrin tí à bá bí ìyá rẹ̀.

"Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?"

"N kò lo oògùn kankan."

"Èyí tí ọmọ wa rà ńkọ́?" ni mo wí.

"Ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ewé ni."

"Màmá," ni dókítà wí, "ewé náà ni ewé ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ kú."

"Ṣé ewúrẹ́ lẹ pè mí yẹn, Dókítà?"

"Rárá o, Màmá. Ewúrẹ́ a tiẹ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́."

Èmi àti ìyàwó mi gbé ike náà lọ fún dókítà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò sí nọ́ńbà àṣẹ tí ìjọba ń fún oògùn lára rẹ̀, kò sí orúkọ ewé tí wọ́n fi ṣe é. Ó ní kì í ṣe gbogbo ewé ló burú, ìyá òun náà ń se àgbo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú èyí, tàbí ohun mìíràn tí wọ́n lè ti pò mọ́ ọn. Ẹ̀dọ̀ ìyàwó mi ti fara pa. Bó bá dáwọ́ oògùn náà dúró, ẹ̀dọ̀ lè tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀ náà lè bàjẹ́ pátápátá.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń lò ó fún, Màmá?"

Dókítà wò mí, mo mú fìlà mi, mo dìde. Ìyàwó mi di apá aṣọ mi mú.

"Ẹ jókòó." Ilẹ̀ ló ń wò. "Bí mo bá wúkọ́, ìtọ̀ á já. Bí mo bá sín náà. Bí mo bá rẹ́rìn-ín." Ó wá gbé ojú sókè. "Bàbá wa, ìtàn yín kò sú mi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ọmọdé náà. Dókítà ní ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti bímọ ló ń bá a fà, tí wọn kì í sọ. Ó ní ẹran kan ló gbé àpò ìtọ̀ ró, tó sì ti dẹ̀. Ó kọ́ ìyàwó mi bí yóò ṣe máa fún ẹran náà pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kó tún tú u sílẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ó ní ọ̀nà mìíràn wà.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sílé, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọmọ wa. "Á ní òun ló fẹ́ pa ìyá òun." Mo gbà fún un. Ó dáwọ́ oògùn náà dúró, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀, a padà lọ ṣe àyẹ̀wò, inú dókítà sì dùn sí ohun tó rí.

Nígbà náà ni ọmọ wa tún dé. Ó béèrè ike, ìyá rẹ̀ ní òun ti lò ó tán.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì. Mo ti mú òmíràn wá." Ike méjì ló fà yọ nínú báàgì. "Èkejì yìí, tèmi ni."

Ata tó wà lórí iná ní kíṣìnnì mú kí ọmọ wa sín. Bó ṣe fẹ́ sín, kíá ló gbé ẹsẹ̀ kan lé ekejì. Èmi rí i. Ìyá rẹ̀ náà rí i, ó sì gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ni, Mọ́mì?"

"Ìtọ̀ tó ń já."

Ọmọ náà wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ òun kejì ni. Ọkọ òun kò mọ̀. Òun rò pé bí oògùn náà bá ṣe Mọ́mì lóore, á ṣe òun náà lóore. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó sọ ohun gbogbo fún un: ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀dọ̀, dókítà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọmọ náà sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kí lò ń bẹ̀ mí fún?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé o mọ̀ ni? Jẹ́ n wo ojú rẹ." Ó fà á lọ sójú fèrèsé, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹyinjú rẹ̀ funfun. Síbẹ̀ ó da hóró inú ike méjèèjì sínú ṣaláńgá. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, o máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Èmi náà á bá ọ lọ sí Èkó."

Mo sìn wọ́n dé gáréèjì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àwọn èrò ti ń jókòó. Ìyàwó mi kò tíì wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

"Dírẹ́bà, ìtọ̀ máa ń gbọ̀n mí. Bí mo bá ní kí o dúró lọ́nà, jọ̀ọ́, dúró fún mi."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni dírẹ́bà wí. "Bàbá tó jókòó síwájú yẹn ti sọ tiwọn fún mi kẹ́ ẹ tó dé."

Ojú ti ọmọ wa, ó fi ọwọ́ bojú. Ìyá rẹ̀ gba ọwọ́ náà kúrò lójú rẹ̀, ó dì í mú, wọ́n sì jọ wọlé jókòó. Mo dúró níbẹ̀ títí mọ́tò fi gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ.