Abẹ́rẹ́ Tó Dín Nínú Mẹ́sàn-án

Ogójì ọdún ni Màmá Aránṣọ ti ń ránṣọ, kì í sì í dìde lórí àga rẹ̀ láìka abẹ́rẹ́. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ara tìmùtìmù kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló máa ń gún wọn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ. Ó tún fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ náà ni.

Àyà rẹ̀ já, nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ìyá ọmọ náà, ọmọbìnrin Màmá tó jẹ́ olùkọ́, ló máa ń gbé e sílẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Màmá gbé ọmọ sórí ibùsùn, ó fi ìrọ̀rí dí i yí ká, ó kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú àná mọ́, àwọ̀ abẹ́rẹ́ kò sì yàtọ̀ sí ti simẹ́ńtì ilẹ̀. Ó gbọn ẹní. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ láti ìdí máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà, kí abẹ́rẹ́ ṣáà gún un. Bó bá gún un, yóò dúpẹ́. Lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ó rí kọ́kọ́rọ́ àpótí kan tí wọ́n wá títí tí wọ́n fi já àpótí náà, ó sì rí àlùmọ́gàjí tó tìtorí rẹ̀ bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ jà lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ohun tó ti sọnù ló ń jáde, àfi èyí tó ń wá.

Ìgbà náà ni ọmọ figbe ta. Màmá la ẹnu rẹ̀, ó fi ìka wò ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó gbá a mọ́ àyà kó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, igbe tún le sí i. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún gbá a mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló ké. Jìnnìjìnnì bo ìyá arúgbó. Ó gbà pé ọmọ ti gbé abẹ́rẹ́ mì, ó ti wà nínú ikùn rẹ̀.

Ó sáré sójú fèrèsé, ó pe aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe.

"Onírédíò, dákun, gbà mí. Abẹ́rẹ́ mi sọnù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí ló gbé e mì."

Ọkùnrin náà dé kíákíá. "Ẹ farabalẹ̀, Mọ́mì. Kí lẹ fi rán gbẹ̀yìn?"

"Etí ẹ̀wù ọmọ yìí ló tú láàárọ̀, mo fọwọ́ rán an. Ó ń sunkún, mo yára wọ̀ ọ́ fún un láì ka abẹ́rẹ́. Mo rò pé mo ti gún abẹ́rẹ́ padà."

Onírédíò padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú irin kan tó yọ lára gbohùngbohùn àtijọ́ wá, irú èyí tó máa ń fa irin mọ́ra. Ó gbé e káàkiri orí ẹní: ìṣó kan àti píìnì irun méjì ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e káàkiri ibùsùn, kò rí nǹkan kan.

"Ẹ gbé ọmọ síwájú mi. Ẹ má jẹ́ kó mira."

Màmá di ọmọ mú ní apá àti ẹsẹ̀. Onírédíò na irin náà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù, kò kàn án. Etí ẹ̀wù gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ bá irin.

Onírédíò fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú, wọ́n rọra bọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú ìṣẹ́po, òwú funfun lára aṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ikùn. Àmì pupa mẹ́ta kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo ọmọ. Màmá kà wọ́n. Ìgbà mẹ́ta náà ni òun gbá a mọ́ra.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi oògùn nu ojú ibẹ̀, ó ní kò jinlẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ dé, Màmá kò fi nǹkan kan bò. Ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń rò ó. Olùkọ́ kò bá a wí. Ó ṣí ikùn ọmọ, ó wò ó pẹ́.

"Màámi, ṣé kí n ṣì máa gbé e wá?"

Màmá dáhùn: "Máa gbé e wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbí."

Bó ṣe wí náà ló ṣe. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àdúgbò ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ọmọ dé láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ fi ìka tọ etí ẹ̀wù rẹ̀ yí ká kó tó gbà á mọ́ra.